Ta Ló Ń Gbé Lọ́dọ̀ Ta?

Obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo èèyàn ń pè é. Àbúrò rẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ ń ránṣọ ń pè é bẹ́ẹ̀. Kódà awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, tó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, òun náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n yára tọrọ àforíjì kan lọ́wọ́ yín: "ó" ni màá máa lò fún un nínú ìtàn yìí, kì í ṣe "wọ́n." Wọ́n kọ́ mi nílé o. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń kọ "wọ́n dé, wọ́n jókòó, wọ́n sunkún," ẹ ò ní mọ̀ bóyá ẹnì kan ló ń sunkún ni tàbí gbogbo àdúgbò. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ tán. Ìyókù ṣojú mi, èmi gan-an sì wà lára ohun tó kó bá a.

Ọdún méjìlélógún ló fi rán kọ́tìnnì ní ìlú ńlá. Kì í ṣe aránṣọ ọjà kánjúkánjú. Bó bá wo fèrèsé lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ iye ọ̀pá aṣọ tó máa gbà, ó sì ti mọ̀ bóyá ẹni tó kọ́ ilé náà fi ojú wọn fèrèsé ni tàbí ó fi téèpù wọ̀n ọ́n. Ohun tó fi ń yangàn jù ni pé òun kì í kánjú ṣẹ́ etí ìsàlẹ̀ aṣọ. Á kọ́ kọ́tìnnì náà sókè títí di ọjọ́ kejì, kó fà dé ibi tó máa fà dé, kó tó wá gbé abẹ́rẹ́ sí i. Á ní, "Aṣọ tí ò tíì fà tán, irọ́ ló ń pa fún yín nípa gígùn rẹ̀." Ẹni tó mọ irọ́ aṣọ dáadáa ni.

Àbúrò kan ṣoṣo ló ní, obìnrin ni, ọdún mẹ́sàn-án ló sì fi jù ú lọ. Òun ló ń mú un lọ́wọ́ lọ sílé ìwé, òun ló ń nu imú rẹ̀. Nígbà tí àbúrò yìí dàgbà tó ríṣẹ́ sí ilé ìkàwé ìlú kan tí kò tóbi tí kò sì kéré, tó wá sọ pé òun ń kó lọ síbẹ̀ nítorí owó ilé ibẹ̀ rọrùn, ẹ̀rín ni Ẹ̀gbọ́n fi í rín. "Ìlú tí bọ́ọ̀sì ibẹ̀ ń tètè sùn ju adìẹ lọ! Kí lo fẹ́ lọ máa ṣe níbẹ̀? Ṣé o fẹ́ máa ka ewé orí igi ni?" Láti ọdún yẹn, kò sí ìgbà tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù tí kò ní béèrè bóyá iná ti dé ìlú wọn. Àbúrò á rẹ́rìn-ín. Ó ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ ló ra ilẹ̀ kékeré kan lẹ́yìn ìlú, ó ń rẹ́rìn-ín ló kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta sí i díẹ̀díẹ̀.

Ìgbà tó yá, onílé Ẹ̀gbọ́n fi owó lé owó ilé lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún méjì. Lẹ́yìn náà ló kọ̀wé pé òun fẹ́ lo ilé òun. Àwọn oníbàárà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra kọ́tìnnì tó ti wà ní rírán nínú ọ̀rá. Ẹ̀gbọ́n rìn títí bàtà rẹ̀ fi jẹ. Yàrá tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lè wọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ tó, ẹ̀rọ náà kò lè wọ̀ ọ́. Ló bá gbé fóònù, ó pe àbúrò rẹ̀. Ó sọ fún mi pé òun ti ṣe ìdánrawò "jọ̀ọ́, gbà mí sílé" níwájú dígí, ṣùgbọ́n nígbà tí àbúrò òun gbé e, ohun tó jáde lẹ́nu òun ni pé, "Ó kàn ń rẹ̀ mí ni. Mo fẹ́ wá sinmi lọ́dọ̀ rẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì kan."

"Ẹ máa bọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi," ni àbúrò dá a lóhùn.

Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ dé, ó gbé tábìlì ìgéṣọ dé, ó gbé ìkòkò àti ibùsùn dé. Ẹ sọ fún mi, ta ló ń gbé tábìlì ìgéṣọ lọ sinmi? Àbúrò kò béèrè. Ó bá awakọ̀ gbé e wọlé, ó sì fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní yàrá ńlá tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, tó jẹ́ yàrá àbúrò náà tẹ́lẹ̀. Òun bọ́ sí èyí tó kéré. Yàrá kẹta rí tóóró, tábìlì kan àti ìwé ló kún inú rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń kàwé láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, nítorí ìdánwò kan wà níwájú rẹ̀ tí wọ́n fi ń yan olórí ẹ̀ka. Ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù méjì, kò sẹ́ni tó dárúkọ ọ̀sẹ̀ mọ́.

Àdúgbò náà ni bọ́ọ̀sì ti ń yípo padà. Òpópónà ibẹ̀ gún, ọgbà ilé kò ga, ilé wọn sì jọra débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni Ẹ̀gbọ́n ti lọ ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju bó ṣe fẹ́ gbà lọ. Láàárín ìlú ló ti ríṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń rán kọ́tìnnì fún ọ́fíìsì àti ilé ìwòsàn. Ènìyàn mẹ́fà ló wà níbẹ̀, àti tábìlì kan tó gùn láti ògiri dé ògiri. Ní ọjọ́ kìíní, bó ti ń pọ́n àlùmọ́gàjí rẹ̀, ọ̀gá ibẹ̀ bi í pé ta ló ń gbé pẹ̀lú.

"Èmi àti àbúrò mi ni."

"Ó dára o. Ẹ kú ìtọ́jú àbúrò."

"A dúpẹ́," ni Ẹ̀gbọ́n wí.

Ibẹ̀ gan-an ni. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bó ṣe máa ń rí láàárín wa: bí wọ́n bá kí èèyàn, ẹnu á ti dáhùn kí etí tó gbọ́ ohun tí wọ́n fi kí i. Ṣùgbọ́n etí Ẹ̀gbọ́n gbọ́. Ó ní ara òun gbóná láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó yẹ kó yára sọ pé, "Rárá o, ilé tiẹ̀ ni, èmi ni mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀." Kò ní gbà ju kí èèyàn mí lẹ́ẹ̀kan lọ. Ó tẹjú mọ́ àlùmọ́gàjí, ó ń pọ́n ọn lọ.

Irọ́ náà kò tún béèrè iṣẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ló ń bá a tọ́ ọ dàgbà. Obìnrin kan wà láàárín wọn tó ń lọ aṣọ, Màmá Gbígbóná ni wọ́n ń pè é, nítorí áyọ́ọ̀nù àti nítorí ẹnu rẹ̀. Òun ló máa ń wádìí. "Ọmọ ọdún mélòó ni àbúrò yín yìí?"

"Ó ti lé ní ogójì."

"Ogójì kẹ̀! Tó ṣì wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti kẹ́ ẹ bàjẹ́." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ mìíràn, kó má bàa dà bí ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ sọ, ó ní àbúrò òun máa ń tan iná ilé ìdáná sílẹ̀ láìpa á. Màmá Gbígbóná pòṣé: "Wọn kì í pa iná tí wọn ò bá ní sanwó rẹ̀ ni." Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó rí iná ilé ìdáná tó ń tàn láti òkèèrè. Ó mọ ìdí rẹ̀. Àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé ti sán, ó ti kọsẹ̀ níbẹ̀ nígbà kan, láti ìgbà náà ni àbúrò rẹ̀ ti ń tan iná náà sílẹ̀ dè é. Ojú tì í débi pé ó rìn yí àdúgbò ká lẹ́ẹ̀kan kó tó lè wọlé.

Ó yẹ kí n wá sọ bí mo ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà. Àbúrò bàbá mi ni Màmá Gbígbóná. Èmi ríṣẹ́ olùkọ́ sí ìlú yẹn, àǹtí mi sì ń wá yàrá fún mi tí kò ní gba gbogbo owó oṣù mi. Ó gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, yàrá mẹ́ta lẹ ní ó wà nílé yín, ẹ̀yin méjì péré sì ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò ní yọ yín lẹ́nu, á máa sanwó." Ọwọ́ gbogbo wọn dúró lórí ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n ní òun wá gbogbo ọ̀nà tí òun lè gbà sọ pé rárá nínú orí òun, ṣùgbọ́n ẹni tó bá nilé ló lè sọ pé rárá. Bí òun bá ní kí òun kọ́kọ́ béèrè, wọ́n á ní lọ́wọ́ ta ni? Ó ní, "Kó máa bọ̀." Ọ̀gá pàtẹ́wọ́ fún un.

Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì sí i ni wọ́n dá. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni Ẹ̀gbọ́n fi ń gbé ọ̀rọ̀ náà kiri inú ilé. Kì í ṣe yàrá yẹn ló ń bà á lẹ́rù jù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé bí àbúrò rẹ̀ bá gbọ́ ohun tó ti sọ níta, "ẹ̀yin" tí àbúrò náà ń pè é láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ máa di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní ọjọ́rú kan, ó fọ gbogbo abọ́ tó wà nílé kó lè rí ìgboyà. Ó nu ọwọ́ rẹ̀.

"Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ."

Àbúrò pa ìwé rẹ̀ dé. "Ẹ sọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Kọ́tìnnì yàrá ìwé rẹ yẹn ti ṣá. Màá rán òmíràn sí i."

"Háà, ẹ ṣé o! Ìdánwò yìí á wá dùn ún kà fún mi nìyẹn."

Ó sì rán an lóòótọ́. Aṣọ tó wúwo, tó bo iná òpópónà dáadáa, tí àlejò máa fẹ́. Ó kọ́ ọ sókè, ó jẹ́ kó fà tán, ó ṣẹ́ etí rẹ̀ gún régé. Àbúrò rẹ̀ pe àwọn ará ilé kejì wá wò ó. Ẹ̀gbọ́n ní iṣẹ́ tí òun ṣe dáadáa jù láyé òun nìyẹn, òun kò sì fẹ́ rí i.

Ní Sátidé, èmi àti àǹtí mi dé pẹ̀lú àpótí méjì àti fóòmù kan. Àbúrò ló ṣílẹ̀kùn, ó fi ìka há ojú ewé tó ń kà.

"Ìwọ ni àbúrò tí wọ́n ń tọ́jú yẹn?" ni àǹtí mi wí. "O mà tóbi o! Lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé àlejò tó fẹ́ gba yàrá ti dé."

Àbúrò wẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n dúró lójú ọ̀nà inú ilé, téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Àbúrò wò ó, ó wo ẹnu ọ̀nà yàrá ìwé, ó wo kọ́tìnnì tuntun tó wà níbẹ̀. Mo rí i tó ń wo kọ́tìnnì náà, mo rò pé ìlara ló ń ṣe.

Ó yíjú sí wa. "Ẹ wọlé, mà. Wọ́n ti sọ fún mi. Ẹ má bínú pé mi ò tíì kó ìwé mi kúrò níbẹ̀ tán."

"Ọmọ dáadáa ni," ni àǹtí mi wí. "Ṣùgbọ́n ìwọ náà tètè wá tìẹ o, kí ẹ̀gbọ́n rẹ lè sinmi." Ló bá wọlé, ó ń fọwọ́ kan ògiri, ó ń ṣí ẹ̀rọ omi wò. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ilé! Ẹ kú ìnáwó! Ilé yìí mà wù mí o." Láti ilé ìdáná, níbi tó ti ń bu omi fún wa, àbúrò ló dáhùn pé, "A dúpẹ́, mà."

Ojú ń ti èmi náà bí mo ṣe ń kọ eléyìí. Nítorí obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ìwé jọ, ó ń kó o lọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì jókòó sórí àpótí mi, mò ń wò ó pé ó ń pẹ́. Àǹtí mi mu omi tán, ó lọ.

Ẹ̀gbọ́n wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà. "Ilé wọn ni," ó sọ fún mi.

"Ilé ta ni, mà?"

"Tiwọn ni. Àwọn ló nilé, àwọn ló ni yàrá tóo jókòó sí. Èmi ni mo wà lọ́dọ̀ wọn." Mo wò yíká. Mo rò pé ẹlòmíràn tún wà nínú ilé. Ìgbà náà ló yíjú sí àbúrò rẹ̀ tó ń bọ̀ láti kó ìyókù. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ gbà mí sílé yín, mo wá lọ ń sọ yín di ẹni tí mò ń bọ́."

Àbúrò wẹ̀yìn. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. "Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin ni."

Ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ já bọ́. Láti ìgbà tó ti ṣílẹ̀kùn fún wa, ojú rẹ̀ kò yí padà àfi nígbà yẹn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti tó. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Ẹ sọ fún gbogbo ìlú pé ẹ̀yin lẹ kọ́ ilé, mi ò ní já yín. Ṣé ilé ni? Bàbá wa ti lọ, ìyá wa ti lọ. Níbi iṣẹ́, ẹ̀yin ni wọ́n ń pè mí. Ní àdúgbò, ẹ̀yin. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó ń pè mí ní ìwọ bí ẹni tó rí mi nígbà tí mi ò ní eyín. Bí ẹ bá tún gba ìyẹn lọ́wọ́ mi ńkọ́? Ẹ pè mí bí ẹ ṣe ń pè mí. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ pè mí báyìí."

Ẹ̀gbọ́n la ẹnu. Mo rí i pé ó gbìyànjú. Kò rí "ìwọ" sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa ìwé.

Mo ní kí n máa lọ. Àbúrò kọ̀ jálẹ̀: "Mo ti sọ lójú àǹtí rẹ pé ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi. Ṣé o fẹ́ sọ mí di òpùrọ́ ni?" Mo dúró. Ní ọjọ́ Ajé, Ẹ̀gbọ́n sọ òtítọ́ fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì gígùn náà bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́. Àǹtí mi kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kì í ṣe nítorí irọ́ náà, ṣùgbọ́n nítorí pé ó jẹ́ kí òun máa gba onílé níyànjú láti lọ wá ilé. Ìdí ẹ̀rọ ìfọṣọ ni àbúrò ti parí ìwé kíkà rẹ̀. Kò yege lọ́dún yẹn, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ ìdí rẹ̀.

Ọdún kan àti oṣù mẹ́ta ni mo fi gbé ilé náà. Láàárín gbogbo ìgbà yẹn, Ẹ̀gbọ́n kò pe àbúrò rẹ̀ ní ẹ̀yin mọ́, kò sì pè é ní ìwọ. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò, ẹ máa rí i bó ṣe le tó. "Omi ti gbóná." "Ó jọ pé òjò máa rọ̀, agboòrùn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn." "Ṣé iṣẹ́ kò pọ̀ jù lónìí?" Ó ń gba àárín ọ̀rọ̀ méjèèjì kọjá láìfara kan ìkankan. Láràárọ̀, àbúrò á gbé báàgì kọ́ èjìká, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń lọ o." Ẹ̀gbọ́n á wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, kò ní gbójú sókè. Á ní, "Ọ̀nà á dára o." Àbúrò á ṣì dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ á wà lórí ilẹ̀kùn, kó tó wá jáde.